Omi Tó Mọ́ Lójú Kọ́ Ni Omi Tó Ṣeé Bọ́ Sí: Ọ̀rọ̀ Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Nílùú Ọ̀fà

Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Omi la fi ń wẹ̀, omi la fi ń sè, omi la fi ń pa òùngbẹ. Ṣùgbọ́n bí omi kò tilẹ̀ lọ́tàá, ọwọ́ ọmọ ènìyàn lè sọ omi fúnra rẹ̀ di ọ̀tá, pàápàá ọ̀tá àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ ju pé oòrùn mú, omi sì tutù. Ọ̀rọ̀ àwọn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú ilé ìtura àti ọgbà ìgbafẹ́, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní púùlù, ti kúrò ní ohun tí a lè máa fi ẹ̀rín sọ nílùú Ọ̀fà.

Bí nǹkan ṣe máa ń lọ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ọdún Iléyá tàbí ọdún Àjíǹde bá ń bọ̀, tàbí bí oṣù Kejìlá bá wọlé, àwọn ọmọ Ọ̀fà a máa rọ́ wá sílé láti Èkó, Ìbàdàn, Ìlọrin, Àbújá àti òkè òkun. Àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá ń fẹ́ ibi ìgbafẹ́. Adágún tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti di àwọ̀ ewé, ara ògiri rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ni olówó rẹ̀ yóò bá sáré ra kẹ́míkà, wọn yóò dà á sómi ní ìdájí, wọn yóò fi álọ́ọ̀mù lé e, nígbà tí yóò bá sì fi di ọ̀sán, omi ti ń dán. Wọn yóò ṣí géètì, wọn yóò gba owó ìwọlé, orin yóò bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì bẹ́ sínú omi gbùúmù. Kò sí ẹni tó wọn ohunkóhun, kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ojú nìkan ni wọ́n fi wò ó.

Kì í ṣe gbogbo onílé ìtura ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ilé ìtura kan pàtó tí a ń nàka sí. Àṣà ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ohun tó sì ń wí kò lọ́jú pọ̀: adágún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kẹ́míkà pa ewé inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ènìyàn kankan, títí ẹni tó tọ́jú rẹ̀ yóò fi wọn omi náà, tí yóò sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Ẹni tó bá ta tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú ìgbà náà, ewu ló ń tà. Ìjọba tí kò bá sì béèrè, òun náà ti gba nínú owó náà, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí ni ohun aláwọ̀ ewé náà gan-an? Ohun ọ̀gbìn tíntìntín ni, tí ojú lásán kò lè dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní algae. Ewé omi ni a ó máa pè é níhìn-ín. Oòrùn, ooru àti omi tí kò lọ tí kò bọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, Ọ̀fà sì ní gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kì í fúnra wọn dá àìsàn sí ènìyàn lára. Àrokò ni wọ́n jẹ́. Omi tí kilorínì inú rẹ̀ pé kì í gba ewé láàyè láti hù. Nítorí náà, omi tó ti di àwọ̀ ewé ń sọ fún gbogbo ẹni tó ní etí pé kilorínì ti tán nínú òun, pé kò sí ohun tó ń pa kòkòrò àrùn mọ́, pé ìgbẹ́ ọmọ kan tàbí ọgbẹ́ ẹnì kan lè di àìsàn fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá pa àwọ̀ ewé náà rẹ́ láìbéèrè ohun tó fà á dà bí ẹni tó fi ọ̀dà kun ògiri tó là.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìmọ̀ àwọn ará oko nìkan ni èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì nílùú Rio de Janeiro lórílẹ̀-èdè Brazil, gbogbo ayé ló wo bí omi tí àwọn eléré ìdárayá ń bẹ́ sí ṣe yí padà láti àwọ̀ aró sí àwọ̀ ewé láàárín ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, ẹnì kan ti da lítà 80 kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide sínú omi náà. Kẹ́míkà tí ó yẹ kó fọ omi mọ́ ni ó lọ sọ agbára kilorínì inú rẹ̀ di òfo, tí ewé sì ráyè. Adágún kejì náà kò ṣàì fara gbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe sí adágún tí àwọn tó ń jó nínú omi yóò lò, nítorí pé àwọn adájọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsàlẹ̀ omi: wọ́n fa gbogbo omi inú rẹ̀ dànù, wọ́n sì fi omíràn rọ́pò rẹ̀. Níwájú gbogbo ayé, wọ́n gbà pé wọ́n ṣe àṣìṣe, wọ́n sì tún un ṣe. Bí àwọn tó ní owó, ẹ̀rọ àti ọ̀mọ̀wé bá lè da kẹ́míkà tí kò yẹ sínú omi, kí ni ó dá ọmọkùnrin kan lójú, ẹni tí ó fi ago ìbomi wọn ìyẹ̀fun láìka ohun tí a kọ sára garawa rẹ̀?

Ìṣirò díẹ̀ yóò la ọ̀rọ̀ náà yé. Adágún tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan àbọ̀ ní ìpíndọ́gba, yóò gba omi lítà 75,000. Ìyẹ̀fun kilorínì tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń ní agbára tó tó ìdá 65 nínú 100. Nínú omi tó pọ̀ tó èyí, gíráàmù 115 péré nínú ìyẹ̀fun náà ni yóò fi mílígíráàmù kan kilorínì kún lítà omi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wá fi ìkánjú da kílò 5 sí i ti sọ kilorínì inú lítà kọ̀ọ̀kan di nǹkan bíi mílígíráàmù 43. Báwo ni èyí ṣe pọ̀ tó? Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní CDC, ní kilorínì inú adágún kò gbọdọ̀ dín ní mílígíráàmù 1 nínú lítà kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kilorínì inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 5 lọ. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń kọ sára garawa irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé mílígíráàmù 4. Mílígíráàmù 43 ju ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn lọ.

Lóòótọ́, ewé omi yóò jẹ nínú kilorínì náà, oòrùn náà yóò sì jẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ iye tí wọ́n jẹ àti iye tó ṣẹ́ kù? Ẹni tó wọ̀n ọ́n nìkan ni. Bí ẹni tó tọ́jú omi náà kò bá sì wọ̀n ọ́n, méjì ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀, méjèèjì ni kò dára. Bí kilorínì bá ṣẹ́ kù jù, ojú àwọn ọmọ yóò pọ́n, awọ ara wọn yóò máa yún wọn, ikọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Gáàsì kilorínì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, orí omi ló máa ń rọ̀gbà sí, ibẹ̀ gan-an sì ni imú ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ wà. Ọmọ tó ní ikọ́ fée lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle níbẹ̀. Bí kilorínì bá sì ti tán pátápátá, omi tó ń dán náà kò ní ohun tí yóò fi bá kòkòrò àrùn jà. Iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn, àpọ̀jù rẹ̀ ló ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Ẹni tí kò tọ́ ọbẹ̀ wò kò lè mọ èwo ló ṣe.

Àwọn kan yóò ní imú àwọn tó àwọn í wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní bí omi bá ti ń rùn bíi bílíìṣì, ó ti mọ́ nìyẹn. Irọ́ funfun báláú ni. Òórùn líle tó máa ń gba imú ènìyàn létí adágún kì í sábà jẹ́ ti kilorínì tó péye. Ibi tí kilorínì ti pàdé òógùn, ìtọ̀ àti ìdọ̀tí ara ni òórùn náà ti ń jáde. Adágún tí a tọ́jú dáradára kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn náà, kò gbọ́ ìmọ́tótó, ìdọ̀tí tó ń bá kẹ́míkà jìjàkadì ló gbọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní ojú àwọn tó. Àwọn ìyá wa mọ álọ́ọ̀mù dáadáa. Láyé àtijọ́, wọ́n á fi í sínú àmù tàbí dúrọ́ọ̀mù, ìdọ̀tí á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yẹn kan náà mọ̀ pé omi tó ti tòrò kò tíì di omi tó ṣeé mu, wọ́n sì ń sè é. Álọ́ọ̀mù ń kó ìdọ̀tí jọ ni, kò ní kí kòkòrò àrùn má wà. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni bí kilorínì ṣe pọ̀ tó. Omi tó ń dán ní ọ̀sán lè jẹ́ omi tí kilorínì ṣì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òkúta aláwọ̀ aró tí àwọn àgbẹ̀ onígi kòkó ti ń pò mọ́ ẹfun láti ọjọ́ pípẹ́ láti fi wọ́n kòkó tó ń rà. Àwọn kan ń fi í pa ewé inú adágún, ó sì ń pa á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn kò lè jẹ bàbà tó wà nínú rẹ̀ bí ó ṣe ń jẹ kilorínì. Ohun tí wọ́n dà sínú omi lánàá yóò wà níbẹ̀ lónìí, èyí tí wọ́n bá sì dà lọ́la yóò lé e lórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mílígíráàmù 2 nínú lítà kan ṣe òpin fún bàbà inú omi mímu. Ọmọ tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣàì gbé omi mì. Inú rírun àti èébì ni àpọ̀jù bàbà máa ń fà. Ohun tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí igi nínú oko kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú díwọ̀n sínú omi tí ọmọ ẹni yóò bọ́ sí.

Ewu kejì wà tí kò kan kẹ́míkà. Bí ewé omi bá kú, kì í pòórá. Òkú rẹ̀ ni yóò sọ omi di bí omi ògì, tí ẹni tó dúró létí rẹ̀ kò sì ní rí ìsàlẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, nílùú Fall River ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, obìnrin kan rì sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba. Omi náà dọ̀tí débi pé ẹnikẹ́ni kò rí i. Fún ọjọ́ méjì gbáko, adágún náà ṣì wà ní ṣíṣí, àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, òkú sì wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Ó ní olùṣọ́, ó ní ìjọba, ó wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ní ohun gbogbo. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò sọ pé, "A kò rí ìsàlẹ̀ omi yìí, ẹ jẹ́ ká tì í." Bí omi tí kò ṣeé rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá lè gbé àgbàlagbà pamọ́ fún ọjọ́ méjì, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà á láti gbé ọmọ ọdún mẹ́fà pamọ́ lọ́jọ́ ọdún tí orin ń dún, tí ẹran ń yan?

Ẹnì kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ: ọmọkùnrin tí wọ́n ní kó lọ da kẹ́míkà náà. Ọwọ́ lásán ló fi ń bu ìyẹ̀fun, kò bo imú, kò bo ojú, sálúbàtà ló wọ̀ sẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé inú omi ni a ń da ìyẹ̀fun kilorínì sí, pé a kì í da omi lé e lórí nínú garawa. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé bí ìyẹ̀fun yẹn bá pàdé ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ń tún pH omi ṣe, gáàsì olóró ni yóò tú jáde, àti pé garawa méjèèjì kò gbọdọ̀ jọ sùn nínú yàrá kan náà. Nàìjíríà kì í ṣe àlejò sí agbára gáàsì yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2015, gáàsì kilorínì tú jáde ní ibùdó ìpèsè omi ní Lamingo nílùú Jos, àwọn ènìyàn tó ń gbé nítòsí kú, ọ̀pọ̀ sì dèrò ilé ìwòsàn. Ti Jos tóbi ju ti ilé ìtura lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn kan ṣoṣo kò nílò gáàsì tó pọ̀ tó ti ìlú. Bí gáàsì bá sì ti kọlu ẹnì kan, epo pupa kọ́ ni oògùn rẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ síbi tí atẹ́gùn tútù wà, kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣan ojú àti ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Àwọn onílé ìtura ní àwíjàre tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní owó ni. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó epo jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí ń ba ènìyàn lẹ́rù. Iná mànàmáná kò dúró, èyí tó sì wà ti wọ́n. Ta ni yóò máa fi pọ́ǹpù yí omi tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ fún oṣù méjì? Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí òótọ́ náà parí sí kò jìnnà. Ọ̀wọ́n epo lè ṣàlàyé ìdí tí omi fi di àwọ̀ ewé. Kò lè ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣí i kó tó ṣeé bọ́ sí. Títi adágún fún ọjọ́ kan kò gba epo. Pátákó tí a kọ "A ń tọ́jú omi, ẹ má wọ̀ ọ́" sí kò gba dísù. Ohun èlò ìdánwò omi, èyí tó jẹ́ ìgò kékeré àti oògùn tí a ń kán sínú omi kó lè yí àwọ̀ padà, kéré lówó sí garawa ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà ní ìdàkudà. Ẹni tó bá wọn omi rẹ̀ yóò tilẹ̀ rí i pé kẹ́míkà tí òun ń rà á dín kù.

Wọ́n tún ní, "Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é báyìí, kò sì sí ẹni tó kú." Àwíjàre awakọ̀ tí kò ní bíréèkì nìyẹn, títí di ọjọ́ tí yóò pàdé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ta ni ó tẹ̀lé àwọn ọmọ náà délé? Ta ni ó ka iye àwọn tó húkọ́ lóru, tí ìyá wọn fi àgbo sí, tí wọ́n ní ọyẹ́ ló fà á? Ibi tí a kò bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, "kò ṣẹlẹ̀ rí" kò túmọ̀ sí ohunkóhun ju "a kò wò" lọ.

Àwọn tó fẹ́ ṣe é dáadáa kò ní iṣẹ́ àrà kan láti ṣe. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ògiri kí ewé lè tú. Kí wọ́n wọn pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, kó wà láàárín 7.2 sí 7.8, nítorí pé bó bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kilorínì yóò wà nínú omi ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò ti rẹ̀wẹ̀sì. Kí wọ́n da kilorínì sí i ní ìrọ̀lẹ́, ní ìwọ̀n tí ara garawa sọ, nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Kí pọ́ǹpù àti asẹ́ ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Kí wọ́n fa òkú ewé kúrò ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fọ asẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wọn omi: kilorínì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 4 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín ní 1. Kí ẹnì kan wá dúró létí ibi tó jìn jù lọ, kí ó wo ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀. Bí kò bá rí i kedere, kò tíì yá. Iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni ọdún, tí ó sì dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ náà kó tó tọ́jú omi, kì í ṣe kẹ́míkà ló jẹ ẹ́ níyà, kàlẹ́ńdà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dun ènìyàn jù ni pé ìlú Ọ̀fà kò ṣaláìní ọ̀mọ̀ràn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poly ti Ìjọba Àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún 1992, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ ní iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwárà ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà nínú ìlú náà. Àwọn tó lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ iye kilorínì inú omi ń kọjá lẹ́nu géètì àwọn ilé ìtura yìí lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ àti lórí ọ̀kadà, ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n wọlé. Ìlú tó gbé odò sẹ́yìnkùlé kò gbọdọ̀ máa fi itọ́ wẹ̀.

Òfin náà kò sì ṣàì ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti ṣàkóso ilé oúnjẹ, ilé ìfọṣọ àti títa ọtí. Mẹ́ta nínú ohun tó wà nínú ilé ìtura nìyẹn. Wolé-wolé tó ń wo ìkòkò ọbẹ̀ inú ilé ìdáná kò ṣòro fún láti rin ìṣísẹ̀ ogún sí i dé etí omi. Láyé àwọn bàbá wa, bí wolé-wolé bá ti yọ lókèèrè, gbogbo ilé ló ń yẹ àmù wọn wò nítorí ẹyin ẹ̀fọn. Àmù lítà ogún ni wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà náà. Lónìí, adágún lítà 75,000 wà, ẹ̀rù wolé-wolé kò sì ba ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tó yẹ kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀fà ṣe kò gba owó ńlá. Kí wọ́n pàṣẹ pé adágún èyíkéyìí tó ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú gbọ́dọ̀ ní ìwé kan lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n tọ́jú omi, kẹ́míkà tí wọ́n lò, iye kilorínì àti pH rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, àti orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n sí. Kí wọ́n ti èyí tí kò bá ní in pa. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 25 oṣù Keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti ọdún 2021 fún ìdènà rírì sómi. Ọjọ́ yẹn lè jẹ́ ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera yóò máa yẹ gbogbo adágún ìlú wò, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Onílé ìtura tó ń ṣe dáadáa kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù nínú èyí. Àǹfààní tirẹ̀ gan-an ni, nítorí pé àwọn tó ń fi ìkánjú ṣí omi ń gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó jí, àwọn òbí wà. Ó rọrùn láti sọ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọmọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọmọ ló fún bàbá rẹ̀ ní ẹnu láti fi béèrè. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni, kó tó sanwó: "Ọjọ́ wo lẹ tọ́jú omi yìí kẹ́yìn? Mélòó ni kilorínì rẹ̀ lówùúrọ̀ yìí, ẹ fi hàn mí? Ẹ jẹ́ kí n dúró létí ibi tó jìn jù, ṣé mo lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀?" Bí wọ́n bá fi ẹ̀rín dáhùn, bí wọ́n bá ní, "Alájì, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí wàhálà," kí ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kí ó máa lọ. Ọmọ náà lè sunkún títí dé ilé. Ẹkún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Ìjàkadì ni gbogbo ayé fi mọ Ọ̀fà. Nínú ìjàkadì, gbangba ni ìjà ti ń wáyé, ojú gbogbo ènìyàn ló ń rí i, ẹni tó ń jà mọ ẹni tí òun dì mú. Omi tí a kò wọ̀n kì í jà báyìí. Kì í pe ènìyàn níjà, kì í sì í fi ara rẹ̀ hàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà Ọ̀fà wà lọ́jà: onílé ìtura, wolé-wolé, olùkọ́, òbí. Kí ọdún mìíràn tó dé, kí olúkúlùkù wọn na ọwọ́ sí orí ọmọ náà.